Àìmọ̀ Kì Í San Gbèsè

 

Ọ̀rọ̀ kan ṣẹlẹ̀ tí ó dá àríyànjiyàn sílẹ̀ ní àṣàlátù wa, a sì ṣe ìlérí pé a óò gbé e wá sí ibí yìí. Arábìnrin kan nínú wa ni ó fọ aṣọ tán ní òwúrọ̀, tí ó da omi ọṣẹ rẹ̀ gba ojú fèrèsé ilé òkè jáde gẹ́gẹ́ bí ó ti máa ń ṣe. Kò mọ̀ pé ìyá tí ó ń ta èlùbọ́ ní ilé kejì ti sá èlùbọ́ sí abẹ́ fèrèsé náà lọ́jọ́ yẹn. Omi ọṣẹ bo èlùbọ́. Arábìnrin wa sáré sọ̀kalẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó ní: "Ẹ jọ̀ọ́, Àlájà, ẹ má bínú, mi ò mọ̀ ni o." Ìyá náà wò ó, ó ní: "Mo gbà pé o ò mọ̀, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n èlùbọ́ mi ńkọ́?"

Nígbà tí ọ̀rọ̀ dé àṣàlátù, a pín sí méjì. Àwọn kan ní àníyàn ni a fi ń wo iṣẹ́ ẹ̀dá, ẹni tí kò ní ibi lọ́kàn kò ṣe ibi, kí Àlájà ṣe sùúrù. Àwọn kejì ní èlùbọ́ kò mọ àníyàn, omi ọṣẹ tí ó bà á ni ó mọ̀. A jókòó títí wọ́n fi pe ìrun, a kò yanjú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kò mọ sí orí èlùbọ́. Nínú ayé tí a wà lónìí, púpọ̀ nínú omi tí à ń dà nù ni a kì í rí ibi tí ó ń balẹ̀ sí. Ìwádìí kan wà tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ṣe ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n gbé jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 2020, tí ó gbé ìbéèrè ìyá ẹlẹ́lùbọ́ yìí ka iwájú gbogbo ẹni tí ó ń wọ ọkọ̀. Ẹ jẹ́ kí á sọ ìtàn rẹ̀ kí á tó dá ẹjọ́, nítorí pé ẹni tí ó bá gbọ́ ẹjọ́ ẹnì kan dá, àgbà òṣìkà ni.

ẸJA TÍ Ó PADÀ SÍLÉ

Ní ìpínlẹ̀ Washington, ní ìwọ̀ oòrùn àríwá orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ìlú Seattle wà létí apá òkun kan tí ó wọ inú ilẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Puget Sound. Nínú àwọn odò kéékèèké tí ó ń ṣàn wọ inú omi yìí ni ẹja kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ coho, ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀yà ẹja salmon. Inú odò ni wọ́n ti ń bí i. Yóò gbé níbẹ̀ fún bí ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, lẹ́yìn náà ni yóò bá omi lọ sínú òkun ńlá. Nígbà tí ó bá tó bí ọmọ ọdún mẹ́ta, yóò tún padà wá láti òkun sí odò tí wọ́n ti bí i. Òórùn omi náà ni ó fi ń mọ ọ̀nà ilé. Nígbà tí ó bá débẹ̀, yóò yé ẹyin rẹ̀ sí ìsàlẹ̀ odò, yóò sì kú. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni ó ń yé ẹyin láyé rẹ̀. Nítorí náà, bí coho bá kú kí ó tó yé ẹyin, gbogbo ìrìn àjò rẹ̀ di òfo.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn odò inú ìlú náà fi bàjẹ́. Nígbà tí ó di àwọn ọdún 1990, àwọn ará ìlú bẹ̀rẹ̀ sí í tún wọn ṣe: wọ́n kó ìdọ̀tí kúrò, wọ́n gbin igi sí etí omi, wọ́n la ọ̀nà fún ẹja. Ẹja sì padà wá lóòótọ́. Àmọ́ bí òjò bá ti rọ̀, ohun ìyanu ni àwọn ènìyàn ń rí. Ẹja tí ó sanra, tí kò ní ọgbẹ́ kankan lára, yóò máa yí kiri lójú omi bí ẹni tí ó mu ọtí yó. Yóò máa la ẹnu, yóò dojú dé, kí wákàtí mélòó kan tó kọjá, ó ti kú. Nígbà tí wọ́n la inú àwọn abo wò, ẹyin kún inú wọn bámúbámú. Nínú àwọn odò mìíràn ní ìgboro, láti orí 40 títí dé 90 nínú 100 ẹja coho tí ó padà wálé ni ó ń kú bẹ́ẹ̀ lọ́dọọdún. Ẹja chum, tí ó jẹ́ ìbátan coho, ń wẹ̀ nínú omi kan náà, kò sì sí ohun tí ó ṣe é.

Àwọn onímọ̀ wá ìdí rẹ̀ fún ohun tí ó lé ní ogún ọdún. Wọ́n yẹ oògùn apakòkòrò wò. Wọ́n yẹ irin tí ó ń ha kúrò lára bíréèkì ọkọ̀ wò, àti epo tí ó ń kán sílẹ̀. Wọ́n tilẹ̀ po irin àti epo pọ̀ sínú omi, wọ́n fi ẹja sí i, ẹja kò kú. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá gbọ́n omi òjò tí ó ṣàn kúrò lójú títì tí ọkọ̀ pọ̀ sí, tí wọ́n fi ẹja sí i, yóò kú. Ohun kan wà nínú omi títì tí ẹnikẹ́ni kò tí ì dárúkọ.

Ibẹ̀ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í wo táyà. Gbogbo wa ni a mọ̀ pé táyà ń jẹ. Táyà tuntun tí ó ní ojú dáadáa, láìpẹ́ yóò dán bọ̀rọ́. Ṣùgbọ́n níbo ni ohun tí ó jẹ yẹn lọ? Ojú títì ni ó wà bí ekuru, bí òjò bá sì rọ̀, ó di inú odò. Àwọn olùwádìí náà, lára àwọn tí Zhenyu Tian, Edward Kolodziej àti Jenifer McIntyre wà, ti yunifásítì méjì ní ìpínlẹ̀ Washington, ha táyà, wọ́n rẹ ẹ́ sínú omi, wọ́n fi ọmọ ẹja coho sínú omi náà. Ó kú. Kẹ́míkà tí ó wà nínú omi táyà yẹn ju 2,000 lọ. Wọ́n wá ń jọ̀ ọ́ bí ẹni ń jọ èlùbọ́: wọ́n á pín in sí ọ̀nà, wọ́n á dán ìpín kọ̀ọ̀kan wò lára ẹja, èyí tí kò pa ẹja wọ́n á dà á nù, èyí tí ó pa á wọ́n á tún pín in. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe títí tí ó fi ku ẹyọ kan ṣoṣo.

Ẹyọ kan yìí kò sí nínú àkọsílẹ̀ ohun tí wọ́n ń po mọ́ táyà. Ohun tí wọ́n mọ̀ nípa rẹ̀ ni pé kábọ́ọ̀nù 18, háídrójìn 22, náítrójìn 2 àti ọ́síjìn 2 ni ó so pọ̀ dá a. Wọ́n ronú títí, wọ́n wá rántí pé kẹ́míkà kan wà nínú táyà tí ó ní kábọ́ọ̀nù 18, háídrójìn 24 àti náítrójìn 2. Orúkọ rẹ̀ ni 6PPD. Bí a bá yọ háídrójìn méjì kúrò lára rẹ̀, tí a fi ọ́síjìn méjì sí i, apẹja náà ni yóò dà.

Kí ni iṣẹ́ 6PPD nínú táyà? Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ wa, ibí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Nínú afẹ́fẹ́ tí à ń mí ni èròjà kan wà tí wọ́n ń pè ní ozone, tí ó máa ń mú kí rọ́bà sán. Táyà tí ó bá sán lè bẹ́ lórí eré, ẹ̀mí sì lè bá a lọ. Nítorí èyí ni àwọn tí ń ṣe táyà ṣe ń po 6PPD mọ́ rọ́bà, ó sì ti lé ní àádọ́ta ọdún tí wọ́n ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ozone bá dé, 6PPD ni yóò jáde lọ pàdé rẹ̀ bí ọdẹ tí ó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, tí yóò fi ara gba ọfà kí ó má bàa ba onílé. Ọfà tí ó gbà yìí ni ó sọ ọ́ di ohun mìíràn, tí wọ́n wá ń pè ní 6PPD-quinone. Ohun náà ni ó ń pa ẹja.

Ẹ kíyè sí i pé kì í ṣe pé ẹnì kan kùnà, kì í ṣe pé ilé iṣẹ́ kan da májèlé sínú odò lóru. Inú iṣẹ́ rere tí a bẹ kẹ́míkà yìí pé kó ṣe, ibẹ̀ gan-an ni ó ti ń di apani. Àwọn àgbà sọ pé ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Ìwọ̀n tí ó ń pa ẹja sì kéré púpọ̀. Ní 2022, àwọn olùwádìí kan náà tún ìwọ̀n wọn ṣe, wọ́n rí i pé nánógíráàmù 95 nínú lítà omi kan ti tó láti pa ìdajì ọmọ ẹja coho tí ó bá wà níbẹ̀ kí ilẹ̀ ọjọ́ kan tó mọ́. Kí ó lè yé wa: bí a bá kó táńkà olómi 33,000 lítà jọ, tí wọ́n ju 300 lọ, gíráàmù kan péré ni a óò pín sínú gbogbo wọn. Bẹ́ẹ̀ 6PPD lè tó gíráàmù 4 títí dé 20 nínú kílò kan rọ́bà ojú táyà.

ÌYÁ ẸLẸ́LÙBỌ́ INÚ ÌTÀN YÌÍ

Ẹnì kan lè sọ pé: "Ẹja ni, ẹ jẹ́ kí á gbàgbé rẹ̀." Ṣùgbọ́n ẹja ní olówó. Àwọn ẹ̀yà tí ó ti wà ní ilẹ̀ yẹn kí òyìnbó tó dé, bí àwọn Puyallup, ẹja salmon ni oúnjẹ wọn, òun ni òwò wọn, òun sì ni ọ̀wọ̀ ìran wọn. Ní 1854 ni wọ́n bá ìjọba Amẹ́ríkà ṣe àdéhùn níbi tí wọ́n ń pè ní Medicine Creek. Wọ́n fi ilẹ̀ sílẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n di ẹ̀tọ́ ẹja pípa mú ní àwọn ibi tí bàbá wọn ti ń pa á. Lẹ́yìn tí wọ́n ti ń dí wọn lọ́wọ́ fún ìgbà pípẹ́, adájọ́ George Boldt dá ẹjọ́ ní 1974 pé ìdajì ẹja tí ó ṣeé pa ni ó jẹ́ ẹ̀tọ́ àwọn ẹ̀yà tí ó ṣe irú àdéhùn bẹ́ẹ̀. Ṣé ẹ rí i báyìí? Ènìyàn kan fi ilẹ̀ sílẹ̀ nítorí ẹja, adájọ́ ní ẹja jẹ́ tirẹ̀, ẹja wá ń kú pẹ̀lú ẹyin nínú nítorí ekuru táyà ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí. Bí ó bá sọ pé "Ẹja mi ńkọ́?", èsì wo ni a óò fún un?

Ta ni kí ó dá a lóhùn? Awakọ̀ yóò ní òun ra táyà lọ́jà, òun kò mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Ẹni tí ó ṣe táyà yóò ní ẹ̀mí ènìyàn ni òun ń dáàbò bò, 6PPD ni òun fi sí i, òun kò fi 6PPD-quinone sí i. Ẹni tí ó la títì yóò ní omi òjò ni òun ṣe ọ̀nà fún kó má bàa ya wọ ilé. Gbogbo wọn ni òótọ́ wà lẹ́nu wọn. Bẹ́ẹ̀ ẹja ti kú.

Ẹ̀ṢẸ̀ YÀTỌ̀ SÍ GBÈSÈ

Ní èrò tiwa, ohun tí ó dà wá rú ní àṣàlátù ni pé a po ohun méjì pọ̀: ẹ̀ṣẹ̀ àti gbèsè. Ẹ̀ṣẹ̀ wà láàrin ẹ̀dá àti Ẹlẹ́dàá, àníyàn sì ni a fi ń wò ó. Gbèsè wà láàrin ẹ̀dá àti ẹni tí ó pàdánù, ohun tí ó sọnù ni a fi ń wò ó. Òfin ẹ̀sìn wa mọ ìyàtọ̀ yìí dáadáa. Ẹni tí ó bá ṣèèṣì pa ènìyàn, a kò pè é ní apànìyàn tí ó mọ̀ọ́mọ̀, síbẹ̀ a ó san owó ẹ̀jẹ̀ fún ẹbí ẹni tí ó kú, àyàfi tí àwọn fúnra wọn bá yọ̀ǹda rẹ̀. Ọmọdé tí kò tí ì bàlágà, a kì í kọ ẹ̀ṣẹ̀ sí i lọ́rùn, ṣùgbọ́n bí ó bá fọ́ ìkòkò oníkòkò, ìkòkò náà kò ní wà bẹ́ẹ̀ láìsan.

Nítorí náà, àwọn ìpín kìíní nínú àṣàlátù wa sọ òótọ́: arábìnrin wa kò ṣẹ̀. Àwọn ìpín kejì náà sọ òótọ́: arábìnrin wa jẹ gbèsè. Àìmọ̀ lè wẹ ọkàn mọ́, kò lè wẹ èlùbọ́ mọ́.

Ṣùgbọ́n a kò gbọdọ̀ dúró síbẹ̀, nítorí pé àìmọ̀ kò rí bákan náà. Bí a ti rò ó, oríṣi mẹ́ta ni.

Èkíní ni àìmọ̀ ẹni tí kò sí ọ̀nà tí ó lè gbà mọ̀. Awakọ̀ tí ó wakọ̀ ní Seattle ní ọdún 2000, kò sí ìwé tí ì bá kà, kò sí ẹni tí ì bá bi. Irú ẹni bẹ́ẹ̀, a kò lè bá a wí.

Èkejì ni àìmọ̀ ẹni tí ó lè bèèrè tí kò bèèrè. Àwọn tí ń ṣe táyà mọ̀ pé iṣẹ́ 6PPD ni kí ó bá ozone jà. Wọ́n mọ̀ pé ohun tí ó bá bá ozone jà yóò yí padà. Wọ́n mọ̀ pé táyà ń jẹ. Ìbéèrè kan ni ó kù: "Lẹ́yìn tí ó bá ṣiṣẹ́ rẹ̀ tán, kí ni ó ń dà, níbo ni ó sì ń lọ?" Fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò sí ẹni tí ó gbé ìbéèrè yìí dé etí odò. A kò sọ pé ènìyàn burúkú ni wọ́n. Ohun tí à ń sọ ni pé ẹni tí ó ń ta ọjà fún gbogbo ayé, ẹrù ìbéèrè tirẹ̀ wúwo ju ti ẹni tí ó ń rà á lọ. Arábìnrin wa náà, ṣé kò yẹ kí ó yọjú wo ìsàlẹ̀ kí ó tó da omi? Ìṣẹ́jú kan péré ni ì bá gbà á.

Ẹ̀kẹta ni àìmọ̀ ẹni tí ó ti mọ̀, tí ó ń ṣe bí ẹni tí kò mọ̀. Èyí kì í tún ṣe àìmọ̀ mọ́. Àpẹẹrẹ rẹ̀ kò jìnnà sí wa. Ó pẹ́ tí àwọn aláṣẹ ìlera nílẹ̀ Nàìjíríà ti ń kìlọ̀ pé kí á yé fi táyà dáná sun awọ màlúù fún pọ̀nmọ́, nítorí pé èéfín rẹ̀ ní májèlé. Síbẹ̀ ẹni tí ó ń sun ún ṣì ń sun ún, ó ní táyà ni ó yá jù. Bí a bá bi í, yóò ní: "Bí a ti ń ṣe é nìyẹn." Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò lè sọ pé òun kò mọ̀. Lọ́dọ̀ tirẹ̀, ẹ̀ṣẹ̀ àti gbèsè ti so pọ̀.

Ọ̀rọ̀ 6PPD ti kúrò ní oríṣi kìíní láti 2020. Ìmọ̀ ti dé. Ohun tí a bá ṣe lẹ́yìn ìmọ̀ ni a óò fi mọ irú ẹni tí a jẹ́.

ÀWỌN ÀTAKÒ

A mọ̀ pé àwọn ọ̀dọ́ tí ń ka ìwé yìí kì í gba ọ̀rọ̀ láìyẹ̀ ẹ́ wò, nítorí náà ẹ jẹ́ kí á gbé àtakò méjì tí ó lágbára jù yẹ̀ wò.

Àkọ́kọ́: "Bí a bá yọ 6PPD, táyà yóò máa bẹ́, ènìyàn yóò máa kú. Ẹ̀mí ènìyàn kò ha ju ẹja lọ bí?" Òótọ́ ni pé ẹ̀mí ènìyàn jù ú lọ. A kò gba ẹnikẹ́ni níyànjú pé kí wọ́n yọ ọ́ lónìí kí wọ́n sì jẹ́ kí táyà máa sán. Ṣùgbọ́n àtakò yìí ń ṣe bí ẹni pé ọ̀nà méjì péré ni ó wà. Kó tó di pé wọ́n mọ orúkọ apẹja náà rárá ni ìwádìí tí wọ́n gbé jáde ní 2015 àti 2016 ti fi hàn pé bí a bá jẹ́ kí omi títì gba inú iyanrìn àti ilẹ̀dú tí a pò pọ̀ kọjá, ìpín 60 iyanrìn, ìpín 40 ilẹ̀dú, ẹja tí a fi sínú omi tí ó bá jáde ní ìsàlẹ̀ kì í kú. Yẹ̀pẹ̀ lásán! Ohun tí ó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ wa. Nítorí náà, ìbéèrè kì í ṣe "ènìyàn ni tàbí ẹja?" Ìbéèrè ni pé "ta ni yóò gbẹ́ kòtò, ta ni yóò sì san owó rẹ̀?"

Èkejì: "Ọkọ̀ tèmi nìkan kọ́. Bí mo tilẹ̀ pa á tì, odò kò ní mọ̀ ọ́n lára." Àtakò yìí ni ó máa ń dùn mọ́ wa jù, nítorí pé ó ń tú wa sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó: bí ogún ènìyàn bá jọ jẹ gbèsè, ṣé ìpín ẹnì kọ̀ọ̀kan ti di òfo nítorí pé ó kéré? Rárá o. Ó kéré, ṣùgbọ́n ó wà níbẹ̀. Bí a ti ń dá àjọ ni a ti ń san irú gbèsè yìí: kò sí ẹni tí ó lè dá a san, kò sì sí ẹni tí ó lè sọ pé kò kan òun. Ìdí rẹ̀ nìyí tí ìjọba àti òfin fi gbọ́dọ̀ wọ inú rẹ̀, nítorí pé àwọn ni wọ́n ń gba owó àjọ.

BÍ WỌ́N TI Ń SAN ÁN

Ìpínlẹ̀ California ṣe òfin kan tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kẹwàá 2023, pé kí àwọn tí ń ṣe táyà tí ó ní 6PPD wá ohun mìíràn tí wọ́n lè fi rọ́pò rẹ̀, kí wọ́n sì kọ èsì ìwádìí wọn sílẹ̀ fún ìjọba. Ní ọdún kan náà, ẹ̀yà mẹ́ta, Yurok, Port Gamble S'Klallam àti Puyallup, kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ sí àjọ ìjọba àpapọ̀ tí ń bójú tó àyíká ní Amẹ́ríkà, pé kí wọ́n fòfin de 6PPD nínú táyà. Ní oṣù Kọkànlá 2023 ni àjọ náà gba ẹ̀bẹ̀ wọn wọlé, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ ètò òfin. Ẹ ò rí i pé ẹni tí ó pàdánù ni ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀? Ìyá ẹlẹ́lùbọ́ ni ó máa ń bèèrè èlùbọ́.

Àwọn aláṣẹ California kò kàn sọ pé "ẹ yọ ọ́". Wọ́n ní kí àwọn oníṣẹ́ táyà yẹ ohun tí wọ́n fẹ́ fi rọ́pò wò dáadáa kí ó tó wọ ọjà. Ọgbọ́n ńlá ni. Ẹni tí ó bá fi ohun tí kò mọ̀ rọ́pò ohun tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀, kò san gbèsè kankan, ó kàn tún òmíràn jẹ ni. Bí arábìnrin wa bá kúrò ní ojú fèrèsé yẹn, tí ó lọ da omi ní ojú fèrèsé kejì láìwo ìsàlẹ̀, kí ni ó kọ́?

ÀWA ŃKỌ́?

Ẹja coho kò sí nínú odò tiwa. Ṣùgbọ́n 6PPD kò mọ ààlà: ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé kò sí táyà ọkọ̀ lágbàáyé tí kò sí nínú rẹ̀. Òjò tiwa náà ń fọ títì tiwa lọ sínú gọ́tà, gọ́tà ń gbé e lọ sínú odò. Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni a fẹ́ kí á mú lọ sílé.

Èkíní, kí ẹni tí ó ní ọkọ̀ tàbí ọ̀kadà máa wọn afẹ́fẹ́ táyà rẹ̀ déédéé, kí ó yé sá eré àsápajúdé àti bíréèkì òjijì, nítorí pé táyà tí a bá lò jẹ́jẹ́ kì í yára jẹ. Ó dára fún àpò wa, ó dára fún odò.

Èkejì, kí á yé ju táyà àlòkù sínú gọ́tà, kí á sì yé dáná sun ún, yálà fún pọ̀nmọ́ tàbí fún ìwọ́de. Lórí èyí, ìmọ̀ ti dé ọ̀dọ̀ wa tipẹ́.

Ẹ̀kẹta, ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ ẹ̀kọ́ kẹ́mísírì, ẹ̀kọ́ ẹ̀rọ àti ẹ̀kọ́ nípa ohun ẹlẹ́mìí ní ilé ẹ̀kọ́ gíga, ẹ̀yin ni a ń bá wí jù. Lọ́la, ẹ̀yin ni ẹ óò máa po nǹkan pọ̀ fún ará ayé: ọṣẹ, ọ̀dà, ajílẹ̀, ike. Wọn yóò kọ́ yín láti bèèrè pé "Ṣé ó ń ṣiṣẹ́?" Ẹ fi ìbéèrè kejì kún un: "Bí ó bá ṣiṣẹ́ tán, kí ni yóò dà, ta ni yóò sì bá?" Bí ìbéèrè kejì yìí kò bá sí nínú ìwé yín, ẹ fi ọwọ́ ara yín kọ ọ́ sí i.

Arábìnrin wa san owó èlùbọ́. Àlájà kọ́kọ́ ní òun kò gbà á, ó ní ọmọ òun ni. Arábìnrin wa sì tẹnu mọ́ ọn títí ó fi gba ìdajì, tí ó yọ̀ǹda ìyókù. Láti ìgbà náà, bí ó bá fẹ́ da omi, a máa ń rí i tí ó ń na ọrùn wo ìsàlẹ̀ ná. Àwọn ọmọdé ilé ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Àwa kò fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹni tí ó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù, ṣùgbọ́n ó yẹ kí ó kọ́kọ́ wò ó bóyá ẹnì kan ti sá èlùbọ́ síbẹ̀.

Kí Ọlọ́hun fi ohun tí a kò mọ̀ jì wá, kí Ó fún wa ní ọkàn láti bèèrè ohun tí ó yẹ kí á mọ̀, kí Ó sì fún wa ní agbára láti san ohun tí a jẹ. Àmín.